Anselm àbí Thomas Aquinas: àlàyé ta ló fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù lórí wíwà Ọlọ́run?
Inú èrò ni Anselm, mọ́ńkì àti onímọ̀ ẹ̀sìn Kristẹni, ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1078: Ọlọ́run ni ẹni tí a kò lè ronú kan ohun tó tóbi jù ú lọ, torí náà kò lè jẹ́ inú ọkàn nìkan ló wà, nítorí ohun tó wà ní tòótọ́ tóbi ju èyí tó wà nínú ọkàn nìkan lọ. Gaunilo, mọ́ńkì bíi tirẹ̀, bi í pé ṣé erékùṣù tó dára jù lọ náà wà, torí pé a rò ó? Ìbéèrè gidi nìyẹn.

Thomas, onímọ̀ ẹ̀sìn Kristẹni tó wá lẹ́yìn Anselm, kò gba ọ̀nà yẹn. Ohun tójú rí ló mú: iná ló ń mú igi gbóná, igi kì í gbóná fúnra rẹ̀; bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ohun tó ń yí padà ṣe nílò ohun mìíràn tó ń yí i padà, títí a ó fi dé orí ẹni àkọ́kọ́ tí ohunkóhun kò yí padà, ìyẹn Ọlọ́run. Tirẹ̀ ni mo fara mọ́. Síbẹ̀, tí mo bá fẹ́ gbàdúrà, Proslogion, ìwé tí Anselm kọ àlàyé rẹ̀ yẹn sí, ni mo ń ṣí, torí Ọlọ́run gan-an ló ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀.