Abọ́ ọbẹ̀: ike, díńgí tàbí irin?

Ẹni tó bá fẹ́ ra abọ́ ike tí yóò máa bu ọbẹ̀ gbígbóná sí, kó kọ́kọ́ dojú rẹ̀ dé, kó wo ìdí rẹ̀. Àmì onígun mẹ́ta kékeré kan máa ń wà níbẹ̀, nọ́ḿbà 1 sí 7 nínú rẹ̀, tó ń sọ irú ike tí wọ́n fi ṣe é. Èyí tí kò bá ní nọ́ḿbà, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà.

Nínú àwọn ike tó wọ́pọ̀, nọ́ḿbà 5 ló fara da ooru dáadáa jù. Kì í yọ́ nínú omi híhó, kò sì wọ́n. Àmọ́ pé kò yọ́ kò ní kí nǹkan má bọ́ lára rẹ̀. Ní 2020, àwọn onímọ̀ Trinity College ní Dublin da omi gbígbóná sínú ìgò mílíìkì ọmọdé tí wọ́n fi ike yìí ṣe. Èérún ike tí wọ́n bá nínú lítà omi kan tó mílíọ̀nù 16 nínú àwọn ìgò kan, bí omi sì ṣe ń gbóná sí i ló ń pọ̀ sí i.

Nọ́ḿbà 7 ni kí ẹ fura sí jù. Oríṣiríṣi ike ni wọ́n kó sábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó le, tó mọ́ gaara bíi díńgí, ó lè jẹ́ polycarbonate, kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ BPA sì ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí BPA bá wọ ara, ó lè máa ṣe iṣẹ́ estrogen, hòmóònù obìnrin. Ilẹ̀ Yúróòpù fòfin dè é nínú ìgò ọmọdé ní 2011, Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní 2012. Nígbà tó di 2023, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù gé ìwọ̀n tí wọ́n ní ara lè gbà lóòjọ́ kù ní ìlọ́po 20,000. Àwọn ọlọ́jà wá ń lẹ “BPA free” mọ́ abọ́ káàkiri. Èmi ò ní tìtorí ìyẹn fi kọ́bọ̀ lé owó, nítorí nígbà mìíràn, kẹ́míkà mìíràn tó ń jẹ́ BPS ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀, iṣẹ́ tó jọra sì ni àwọn méjèèjì ń ṣe nínú ara.

Nọ́ḿbà 6, fóòmù funfun àwọn onírẹsì, ẹ fò ó. Èkó pàápàá ti fòfin dè é láti oṣù kìíní 2024, bó tilẹ̀ jẹ́ pé torí gọ́tà ni.

Díńgí kì í bá ọbẹ̀ ṣe wàhálà kankan. Fífọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ borosilicate sí lára, torí díńgí lásán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríjì lè là bí ọbẹ̀ gbígbóná bá kàn án. Ike ni ìdérí ọ̀pọ̀ wọn, nítorí náà ẹ má bu ọbẹ̀ kún dẹ́nu.

Irin tí kì í dípẹtà, tí wọ́n tẹ 18/8 sí nídìí (ìyẹn chromium 18 àti nickel 8 nínú ọgọ́rùn-ún), ló dára fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Kò ṣeé gbé sínú máíkírówéèfù o. Ẹni tí yẹtí olówó pọ́ọ́kú máa ń mú etí rẹ̀ yún, kó ra díńgí: ata àti tòmátì máa ń fa nickel, irin tó sábà máa ń fa yíyún náà, díẹ̀ jáde lára abọ́ irin, pàápàá èyí tó ṣì tuntun.

Ẹ wo abọ́ ike tó ti pẹ́ nílé: epo pupa ti mú un pọ́n, ọṣẹ ò ràn án mọ́. Bí epo ṣe ń wọ ike lára ni kẹ́míkà inú ike náà ń bọ́ sínú epo, ooru ló sì ń mú un yá. Bí owó ò bá pọ̀, abọ́ díńgí méjì fún ọbẹ̀ ti tó. Kí ike máa bá gaàrí àti èlùbọ́ lọ. Ti àmàlà gbígbóná tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá ní búkà, tí ojú ọ̀rá máa ń hàn lára rẹ̀ bí ẹ bá tú u, ẹ máa gbé abọ́ irin tiyín dání lọ.