Kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo rà fún ìdánwò patent

Ìràwọ̀ 3 nínú 5 ni mo fún wọn.

Ẹnjiníà ni mí ní Houston, mi ò ka òfin rí. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, ẹni tó kàwé sáyẹ́ǹsì tàbí ẹnjiníà lè di patent agent (ẹni tó ń bá àwọn tó ṣe ohun tuntun gba patent, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún wọn lórí ohun náà) láìjẹ́ lọ́yà, bó bá ti yege ìdánwò USPTO, ọ́fíìsì ìjọba tó ń fúnni ní patent. Ìbéèrè 100, wákàtí 6. Mẹ́wàá nínú ìbéèrè náà ò ní máàkì, wọn ò sì ní sọ èyí tó jẹ́ fún ẹ!

Ìbéèrè ìdánrawò wọn dáa gan-an. Mo ṣe é títí tí ọkọ mi fi ní MPEP ti di ọkọ kejì. MPEP yìí ni ìwé ìlànà ńlá tí wọ́n máa ń gbé sórí kọ̀ǹpútà fún yín nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ẹ má jẹ́ kíyẹn tàn yín o. Bí ìbéèrè bá dá lórí ohun tó lè gba patent, ẹni tí ò bá mọ̀ pé orí 2100 lòun máa ṣí, aago ò ní dúró dè é.

Fídíò wọn ló bí mi nínú. Ọ̀kan ṣì ń kọ́ni ní òfin pé "ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é" ló ni patent, bẹ́ẹ̀ láti March 16, 2013 ló ti di ti ẹni tó kọ́kọ́ fìwé béèrè fún un. Mo kọ ímeèlì sí wọn. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n tó fèsì, "ẹ ṣeun" lásán.

Mo yege ṣá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí físà, ẹ wádìí "limited recognition" (àṣẹ oníwọ̀n tí USPTO ń fún ẹni tó wà lórí físà láti ṣe iṣẹ́ yìí) kẹ́ ẹ tó sanwó, torí kíláàsì náà ò mẹ́nu bà á rárá.