Ilẹ̀ Tó Ń Mu Omi: Kọnkéré Oníhò, Ọ̀dà Oníhò, àbí Íńtálọ́ọ̀kì?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ ṣe ilẹ̀ tó ń mu omi (ìyẹn ojú ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ lọ́nà tí omi òjò á fi máa gba inú rẹ̀ wọlẹ̀) máa ń kọ́kọ́ bi oníṣẹ́ ni pé, "Èwo ló ń mu omi jù?" Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é, tí wọ́n sì ṣe é dáadáa, kò sí èyí tí òjò líle máa borí nínú wọn. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi oníṣẹ́ ni pé, tí ihò rẹ̀ bá dí, ta ló máa yọ ìdọ̀tí rẹ̀, kí ló sì máa fi yọ ọ́?

Kọnkéré oníhò kì í ní yanrìn nínú, tó bá sì ní, díẹ̀ ni. Àlàfo inú rẹ̀ máa ń tó ìdá 15 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó le, oòrùn kì í rọ̀ ọ́. Àmọ́ ihò rẹ̀ rí wọ́kọwọ̀kọ, eruku tó bá ti wọlé jìnnà kò ní jáde mọ́. A dúpẹ́ pé òkè ni ìdọ̀tí sábà máa ń dúró sí níbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ tètè fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku fà á, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Tó bá jẹ́ omi alágbára lẹ fẹ́ lò, ẹ dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́. Tí ẹ bá dojú rẹ̀ kọlẹ̀ gbọọrọ, ńṣe lẹ ń ti ẹrẹ̀ wọ inú.

Ìtọ́jú kan náà ni ọ̀dà oníhò (òkúta tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú bíi ti títì lẹ̀ pọ̀) ń fẹ́, ó sì tún ní àléébù tirẹ̀: ooru lè yọ́ ọ̀dà náà, kó ṣàn lọ dí ihò ìsàlẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi ọ̀dà kun ojú rẹ̀ láéláé.

Íńtálọ́ọ̀kì ni mo fara mọ́ jù. Búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kọ́ ló ń mu omi, àárín búlọ́ọ̀kù ni, níbi tí wọ́n ti da òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti fọ̀ sí. (Tó bá jẹ́ yanrìn ni wọ́n rọ síbẹ̀, íńtálọ́ọ̀kì lásán lẹ rà yẹn o.) Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ wa àárín èyí tó ti dí: èèpo ẹrẹ̀ dúdú máa ṣí, koríko kékeré á sì bá a wá. Ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sísàlẹ̀, òkúta á tún mọ́. Ẹ kó ti òkè dànù, ẹ da tuntun sí i, ó parí. Àwọn méjì yòókù kò gba irú àtúnṣe yìí. Lóòótọ́, ẹ̀rọ tó ń fa eruku máa ń fa òkúta náà lọ, ẹ ní láti máa dá a padà.

Èyí tó wù kẹ́ ẹ rà, ẹ má da yanrìn sórí rẹ̀, ẹ má po sìmẹ́ńtì níbẹ̀, kí ilẹ̀ erùpẹ̀ má sì dagẹ̀rẹ̀ wá síbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí, ẹ gbé òrùka tó fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà kalẹ̀, ẹ fi nǹkan dí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ fi omi rin ibẹ̀, kí ẹ wá da omi tẹ́ ẹ ti wọ̀n sí i, kí ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi wọlẹ̀ tán. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ tún un ṣe lójú kan náà lọ́dọọdún; tó bá ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ihò ti ń dí nìyẹn. Tó bá jẹ́ íńtálọ́ọ̀kì lẹ mú, ẹ gba àpò kan nínú òkúta tí wọ́n lò pa mọ́ kí oníṣẹ́ tó kẹ́rù rẹ̀ lọ.