Lántánà elésè àlùkò lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé

Ẹni tó bá kọ́lé sí Abẹ́òkúta yóò mọ wàhálà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Iwájú ilé wa dà sí ọ̀nà títì, àpáta ló wà nísàlẹ̀, erùpẹ̀ orí rẹ̀ kò sì nípọn. Bí òjò bá ti rọ̀, ọ̀gbàrá á gbá erùpẹ̀ náà lọ sínú gọ́tà. Bí oòrùn bá mú, àpáta á gbóná débi pé koríko kápẹ́ẹ̀tì tí a kọ́kọ́ tẹ́ síbẹ̀ kò rí ìparí ọyẹ́. Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ náà fún wa ni lántánà tó ń rá nílẹ̀, tó ń yọ òdòdó elésè àlùkò, èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Lantana montevidensis. Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ mi tó kí n lè sọ ibi tó ti dára àti ibi tó ti ń fúnni níṣẹ́.

Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Montevideo, olú-ìlú Uruguay, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Igi kékeré ni, kì í wọ́wé. Kì í sábà ga ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, ṣùgbọ́n ìdí kan ṣoṣo lè tàn ju mítà kan lọ. Níbi tí ẹ̀ka rẹ̀ bá ti fara kan ilẹ̀ tútù, oríkèé á ta gbòǹgbò. Àwọn gbòǹgbò wọ̀nyí gan-an ni mo torí wọn rà á. Àwọn ló di erùpẹ̀ wa mú, ọ̀gbàrá kò sì rí nǹkan gbé mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Oòrùn ló fẹ́, oòrùn ojúmọ́ dé ìrọ̀lẹ́. Apá ibi tí òjìji máńgòrò aládùúgbò bò ń hu ewé lásán, ẹ̀ka rẹ̀ ń nà gbọọrọ, òdòdó ibẹ̀ kò tó nǹkan. Níbi tí kò sí ìbòòji, ó ń yọ òdòdó lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọdún, labalábá kò sì kúrò lórí rẹ̀. Tó bá ti fìdí múlẹ̀, ó máa ń fara da ọ̀gbẹlẹ̀ dáadáa. Omi tó dúró sójú kan ni kì í gbà: èyí tó wà nítòsí ibi tí omi táǹkì ń dà sí, gbòǹgbò rẹ̀ jẹrà. Ẹ má sì da ìgbẹ́ adìyẹ sí i púpọ̀. Ewé ni yóò fi í hu, yóò sì gbàgbé òdòdó.

Iṣẹ́ gidi wà ní ọdún àkọ́kọ́. A fi àyè bí ẹsẹ̀ bàtà méjì sáàárín wọn, gbégi àti ìmí eṣú sì gba gbogbo àyè yẹn. Ọwọ́ la fi ń tu wọ́n, torí ọkọ́ á gé ẹ̀ka tó ti ta gbòǹgbò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ewé rẹ̀ a máa yún àwọn mìíràn lára. Ẹni tí kò bá lè tu èpò lásìkò yẹn, kó má rà á. Nígbà tó bá bo ilẹ̀ tán, èpò díẹ̀ ló kù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gé e kù sí ìdajì lọ́dọọdún nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àárín rẹ̀ á di igi gbígbẹ tí kò léwé.

Ohun tó dùn mí ni pé ẹni tó tà á fún wa lẹ́bàá títì da Lantana camara mọ́ ọn. Ìyẹn kì í rá, òró ló máa ń dúró, ẹ̀gún sábà máa ń wà lára rẹ̀, òdòdó rẹ̀ a sì máa pọ́n tàbí kó ní àwọ̀ ọsàn àti ìyeyè pa pọ̀. Ẹyẹ ló ń gbé èso rẹ̀ káàkiri, àjọ IUCN, tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá lágbàáyé, sì kà á mọ́ 100 ohun abẹ̀mí àjèjì tó ń ṣe ìjàm̀bá jù lọ lágbàáyé. Torí náà, ẹ dúró dìgbà tó bá yọ òdòdó kí ẹ tó sanwó. Èyí tó ń rá pàápàá ti di èpò ní Queensland, ní Australia, nítorí náà ẹ má da ẹ̀ka tí ẹ bá gé sínú igbó.

Ewúrẹ́ ńkọ́? Òórùn ewé rẹ̀ máa ń lé wọn sá, ṣùgbọ́n májèlé wà nínú lántánà fún ẹran ọ̀sìn. Ẹ̀dọ̀ wọn ló ń bà jẹ́, oòrùn á sì máa jó awọ wọn. Ilé tí ẹran ti ń jẹ̀ káàkiri kò yẹ fún un rárá.

Ẹ̀ẹ̀kan péré la rà á. Ẹ̀ka tí kò tíì le, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, ni mo máa ń gé. Mo máa ń já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo máa ń kì í bọ iyanrìn tútù nínú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí mo ti lu nídìí, mo sì máa ń gbé e síbi ìbòòji títí tí yóò fi ta gbòǹgbò. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rí èyí tó bo apá ẹ̀yìn ilé.