Ọ̀pá kọ́tìnì yìí dáa, àmọ́ ẹ da ohun tó wà nínú ọ̀rá yẹn nù

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ̀pá kọ́tìnì yìí já lulẹ̀ lọ́wọ́ wa kó tó wá dúró, síbẹ̀ n ò ní ní kẹ́ ẹ má rà á, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Oníméjì ni, irin gidi, kì í ṣe ike tí wọ́n kùn bíi góòlù, mítà méjì àbọ̀ ni gígùn ẹ̀, bùrákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló bá a wá, 18,000 náírà ni mo rà á. Kọ́tìnì tiwa sì wúwo o, ọjà Gbágì n'Ìbàdàn ni mo ti ra aṣọ ẹ̀, mo ní kí télọ̀ fi aṣọ míì sí i nínú torí oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó máa ń wọ pálọ̀ wa, mo gbé e sórí ìwọ̀n tí mo fi ń wọn ara mi, kílò 7.

Káàfíńtà tó kọ́kọ́ bá wa ṣe é, ìṣó kọ́ńkéré ló gbá mọ́ ọn. Mo ní ṣé á gbà báyìí, ó ní "Mọ̀mí, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre." Ọ̀sẹ̀ kan ò pé, a ń sùn lọ́wọ́, a kàn gbọ́ gbàà! Ọ̀pá, kọ́tìnì, tòun ti sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri, gbogbo ẹ̀ wà lórí àga. Dádì wọn wá ní àwọn fúnra àwọn á ṣe é, wọ́n lo súkúrúù àti fisher (ike kékeré tí wọ́n máa ń tì bọ ihò ògiri kí súkúrúù lè dì mú) tó wà nínú ọ̀rá tó bá ọ̀pá wá. Fisher yẹn rọ̀ bí ike súwíìtì, bí wọ́n ṣe ń yí súkúrúù lòun náà ń yí nínú ihò. Ọjọ́ kejìlá ló tún já.

Àbúrò wọn kan tó ń ṣe fèrèsé àlúmínọ̀ ló yọ wá. Ó fi eegun ìka lu ògiri, lókè níbi tá a kàn án sí ó ń dún bí agolo òfìfo, nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ wá sórí fèrèsé ó ń dún gbìn-gbìn. Ó ní líńtẹ̀lì nìyẹn, kọ́ńkéré tí wọ́n dà sórí fèrèsé kó lè gbé ògiri òkè, ìwọ̀n íǹṣì 9 ló ga, ibi tá a kàn án sí sì ti kọjá ẹ̀, búlọ́ọ̀kù tínú ẹ̀ ṣófo ló wà níbẹ̀, sìmẹ́ńtì fẹ́lẹ́ tí wọ́n rẹ́ mọ́ ọn nìkan ló ń gbé kílò 7. Ẹ̀bi mi ni ká sòótọ́, èmi ni mo ní kó ga dé POP àjà kí pálọ̀ lè dà bíi pé ó ga.

Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí íǹṣì 5 sókè fèrèsé. Bíìtì ògiri 8mm, irin ẹnu dírílì tó ń lu kọ́ńkéré, ló lò, ó lẹ sẹlotéèpù mọ́ ọn níbi tí ihò gbọ́dọ̀ jìn dé, ó yí dírílì sí hámà kó máa gbá bó ṣe ń yí. Kọ́ńkéré yẹn le, bíìtì àkọ́kọ́ gbóná títí ó fi pupa, ẹnu ẹ̀ sì kú, wọ́n tún wá múná lọ, jẹnẹrétọ̀ wa kékeré sì ń kérora bíi màlúù. Ohun tí mi ò rí rí ni pé ó fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ eruku inú ihò jáde kó tó ti fisher bọ̀ ọ́, ó ní tí eruku bá wà níbẹ̀ kò ní dì mú. Fisher tó nípọn, súkúrúù tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 5, gbogbo ẹ̀ ò tó 1,500. Bùrákẹ́ẹ̀tì àárín tí káàfíńtà ní kò pọn dandan, òun ló kọ́kọ́ kàn.

Oṣù mẹ́jọ rèé, kò mì. Àwọn ọmọ tiẹ̀ ń fà á bí okùn agogo.

Àléébù ọ̀pá ọ̀hún kò ju méjì lọ: òrùka máa ń há níbi tí irin méjèèjì ti wọnú ara wọn, àwọn súkúrúù kéékèèké tó di ọ̀pá mú sì máa ń tú díẹ̀díẹ̀, mo máa ń fún wọn lóṣooṣù. Ihò mẹ́fà tá a kọ́kọ́ lu ṣì wà lókè lọ́hùn-ún, láti Sátidé tó kọjá ni onípéńtì ti ní òun ń bọ̀.