Ṣọ́ọ̀bù tí mò ń gbé mówà wa lọ ní Kubwa kí òjò tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọgbà koríko ní Kubwa, Bwari, Dutse-Alhaji tàbí apá Dei-Dei, mo ní ibì kan tí mo fẹ́ júwe fún yín. Kò ní pátákó lójú títì. Ṣọ́ọ̀bù onípáànù ni, lọ́nà tó ti Kubwa lọ sí Dei-Dei, àwọn jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n tú palẹ̀ síwájú ẹ̀ ni ẹ máa fi dá a mọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń tún ṣe jù. Ṣùgbọ́n mówà tí a fi ń gé koríko ọgbà ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tí mò ń bójú tó, ọ̀dọ̀ wọn ló ń lọ lọ́dọọdún, mi ò sì tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú tó wọn ní Àbújá yìí.

Mówà wa, èyí tí èèyàn ń tì láti ẹ̀yìn ni, ẹ́ńjìnnì Honda GCV160 ló wà lórí ẹ̀. Níbi tí mò ń gbé e lọ tẹ́lẹ̀ nígboro, oògùn kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún gbogbo àrùn. Kò ṣáná? Ẹ ra kábúrétọ̀, ìyẹn ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì. Ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó ń kú? Ẹ ra kábúrétọ̀. Owó tó lọ síbẹ̀ kì í ṣe kékeré kí ọ̀kan nínú àwọn òbí ọmọ tó ní kí n gbé e wá sí Kubwa.

Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù yìí, ọmọ Ọ̀fà ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ti pẹ́ lókè Ọya débi pé Hausa ni wọ́n fi ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn sọ̀rọ̀. Wọn ò tíì mú sípánà tí wọ́n fi béèrè pé, "Ìyá iléèwé, epo inú ẹ̀ yìí, ìgbà wo lẹ rà á?" Ẹni tó ń bá wa gé koríko dá wọn lóhùn pé láti ìgbà tí òjò ti lọ ni. Wọ́n fa epo náà sínú ike omi tó mọ́ gaara, wọ́n gbé e sójú oòrùn kí n wò ó. Ó ti pọ́n, kò rùn bíi pẹtiróòlù mọ́, bí ọ̀dà ló ń rùn. Nígbà tí wọ́n tú ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀, ohun kan tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ ti dí ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá. Wọ́n fa ẹyọ bàbà kan yọ nínú wáyà iná, òun ni wọ́n fi gún ihò náà, wọ́n fọ́n nǹkan ìfọkábúrétọ̀ sí i, wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Kábúrétọ̀ àtijọ́ yẹn náà ni wọ́n dá padà sípò. Wọ́n fa okùn, ẹ́ńjìnnì dáhùn.

Wọn ò dákẹ́ síbẹ̀, wọ́n ṣàlàyé. Pẹtiróòlù tó bá ti lé lóṣù kan nínú tààǹkì ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Èyí tó fúyẹ́ nínú ẹ̀ á ti fẹ́ lọ, èyí tó kù á sì di oje. Ní Àbújá tí òjò ti ń lọ lóṣù kẹwàá, tí a kì í sì rí i dáadáa títí di oṣù kẹrin, mówà tí wọ́n bá gbé sílẹ̀ tepo-tepo, ooru oṣù kẹta ló máa bá a jà. Ohun tí wọ́n ní ká máa ṣe ni pé tí a bá ti gé koríko ìkẹyìn, ká fa epo inú tààǹkì kúrò, ká wá tan ẹ́ńjìnnì kó lo èyí tó ṣẹ́ kù títí tó máa fi kú fúnra ẹ̀. Epo tí a fà yẹn, jẹnẹrétọ̀ ni ká da á sí lọ́jọ́ náà gan-an, kó má baà ṣòfò. Láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ta ló fẹ́ da lítà kan nù?

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa, torí ibẹ̀ ni àwọn tó ń gé koríko ti ń ba mówà olówó jẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi kọ́ èjìká, tó ń fi okùn gé koríko, púpọ̀ nínú wọn ló ń lo pẹtiróòlù tí wọ́n po ọ́ìlì mọ́. Mówà wa kì í ṣe irú ẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ilé epo, ọ̀tọ̀ ni ilé ọ́ìlì. Ẹni tó bá po wọ́n pọ̀ sínú tààǹkì á máa rí èéfín funfun, bí kò bá sì tún rọ ọ́ìlì sáyè tirẹ̀, ẹ́ńjìnnì á jó. GCV160 ń fẹ́ ọ́ìlì tí wọ́n kọ 10W-30 sára ike ẹ̀, bí ìdajì lítà ló ń gbà. Bí mówà bá jẹ́ tuntun, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́ lẹ́yìn wákàtí 5 iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, wákàtí 50-50, tàbí lọ́dọọdún bí iṣẹ́ ò bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù yìí, wọ́n á kọ́kọ́ tan ẹ́ńjìnnì díẹ̀ kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó lè ṣàn jáde tìdọ̀tí-tìdọ̀tí, kí wọ́n tó dà á.

Fílítà afẹ́fẹ́, ìyà ọyẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Eruku pupa Kubwa ti bo tiwa débi tí bébà inú ẹ̀ ò fi ní àwọ̀ tirẹ̀ mọ́. Ọmọ iṣẹ́ kan fẹ́ fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, ọ̀gá pariwo mọ́ ọn. Onífóòmù lèèyàn ń fọ̀, kì í ṣe oníbébà. Oníbébà, ẹ gbá a jẹ́jẹ́ mọ́ igi kí eruku jáde, bí kò bá sì mọ́, ẹ ra òmíràn. Pọ́ọ̀gì, èyí tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì, tiẹ̀ ò gba àkókò: NGK BPR6ES ni tiwa, wọ́n wò ó, wọ́n nu ún, wọ́n wọn àlàfo ẹnu ẹ̀, 0.7 sí 0.8 mìlímítà, ó parí.

Abẹ ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn láti máa wò jù. Wọ́n kọ́kọ́ yọ wáyà kúrò lórí pọ́ọ̀gì, torí ẹ́ńjìnnì tó dà bíi pé ó ti kú lè jí bí èèyàn bá yí abẹ, ìka ló sì máa fi ṣòfò. Wọ́n tú abẹ, wọ́n há a mọ́ ẹ̀rọ ìdìmú, fáìlì ni wọ́n fi ń pọ́n ọn dípò gírìńdà, nítorí ooru gírìńdà lè mú kí irin ẹnu abẹ rọ̀, kó má sì mú pẹ́ mọ́. Wọ́n ń tẹ̀lé dídagẹ̀rẹ̀ tó ti wà lẹ́nu ẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ihò àárín abẹ kọ́ ìṣó kan tó wà lára òpó. Apá òsì rọra ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n pọ́n apá òsì díẹ̀ sí i, wọ́n tún kọ́ ọ. Ó tún sọ̀, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Wọn ò fi í sílẹ̀ títí tó fi dúró gbọọrọ, tí kò lọ sọ́tùn-ún, tí kò lọ sósì. Abẹ tí apá kan bá wúwo jù á máa gbọn ẹ́ńjìnnì jìgìjìgì, á sì ba ọ̀pá àárín ẹ̀ jẹ́. Èyí tó bá sì kú, yíya ló ń ya koríko: ẹ wo koríko bahama tí wọ́n fi abẹ kíkú gé, lọ́jọ́ kejì, ṣóńṣó orí ẹ̀ á ti gbẹ.

Àléébù wọn ńkọ́? Ó wà. "Ẹ wá lọ́la" wọn lè di ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, ẹ má wulẹ̀ lọ, àwọn ọmọ iṣẹ́ ti lọ kírun. Wọn kì í fún èèyàn ní rìsíìtì àfi bó bá béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ha koríko gbígbẹ tó ti lẹ̀ mọ́ abẹ́ mówà bí ẹ ò bá sọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀rinrin inú ẹ̀ ló ń jẹ páànù. Èyí tó bí mi nínú jù ni ọ́ìlì àlòkù tí wọ́n ń dà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, lẹ́bàá gọ́tà. Mo bá ọ̀gá sọ ọ́, mo ní, "Bàbá, omi kànga àwọn èèyàn nìyí." Wọn ò bá mi jiyàn. Kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ń dà á sí báyìí, mo sì ń yẹ̀ ẹ́ wò nígbàkígbà tí mo bá débẹ̀.

Iye owó, mi ò ní dá a fún yín, torí ọjà ò dúró lójú kan. Ẹ ṣáà mọ̀ pé owó iṣẹ́ ọ̀tọ̀, owó ọjà ọ̀tọ̀, wọ́n á sì jẹ́ kí ẹ ra ọ́ìlì àti fílítà yín fúnra yín wá. Oṣù kejì ni kí ẹ lọ. Tí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo onímówà ìlú á ti tò síwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Tí ẹ bá máa fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ẹ fa epo ẹ̀ kúrò kí ẹ tó gbé e, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ tí fílítà wà kọjú sókè, kí ọ́ìlì má baà dà sínú fílítà àti kábúrétọ̀ lójú ọ̀nà.