Alásè tó se ìgbéyàwó àbúrò mi ní Kàbbà: iyán gba 5 nínú 5, yìnyín gba òdo

Ẹ Òkun o, gbogbo ilé. Àwọn tó ń bi mí lórí WhatsApp pé ta ló se oúnjẹ ìgbéyàwó àbúrò mi ní Kàbbà, ìlú wa nílẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogi, ní Disẹ́ńbà ti pọ̀ débi pé mo ní kí n kúkú jókòó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò ní dárúkọ ìyá náà síbí torí wọn ò fún mi láṣẹ, ẹni tó bá fẹ́ nọ́ńbà wọn kó wá bá mi ní kọ̀rọ̀.

Bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ rèé. Èkó làbúrò mi ń gbé, ọmọ Ẹ̀gbá lọkọ ẹ̀, Abẹ́òkúta làwọn òbí ọkọ wà, ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ wọn wà l'Ábújá, méjì tún ń bọ̀ láti Kánádà, bàbá wa wá fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ilé làwọn ti máa ṣe é. Ẹni tó bá ti Àbújá bọ̀ á rin bíi 200 kìlómítà kó tó dé Lọ́kọ́ja, á tún wá já sọ́nà Kàbbà, bíi 80 míì nìyẹn, tàwọn tó ti Èkó bọ̀ ò tiẹ̀ ṣeé sọ. Èmi ni wọ́n ní kí n bójú tó oúnjẹ. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé kí n gbé alásè láti Èkó wá, àwọn tó máa ń wọ épírọ́ọ̀nù dúdú yẹn, tí wọ́n á to small chops jọ lórí tábìlì dígí. Mo tiẹ̀ ti ní kí wọ́n dá owó lé e. Owó ọkọ̀ àti owó hòtẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ra màlúù. Màmá mi wò mí títí, wọ́n ní "ṣé wọ́n sọ fún ẹ pé ebi ló ń pa wá nílé yìí ni?" Bí mo ṣe dọ́dọ̀ ìyá alásè nìyẹn.

Mo mú mẹ́nù ojú ewé méjì dání, mo ti tẹ̀ ẹ́ dáadáa, mo tiẹ̀ fi àwọ̀ sí i. Ìyá ò gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ, wọ́n ní "ọmọ mi, oṣù wo ni?" Mo ní Disẹ́ńbà. Wọ́n ní ó dáa, pé tó bá jẹ́ Júláì ni, àwọn ò ní bá wa gúnyán rárá, torí ìgbà yẹn niṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, omi ló kún inú ẹ̀, èèyàn lè gún un títí kó má fà, àfi kéèyàn sè é tàbí kó dín in. Ti Disẹ́ńbà ti gbó, á fà bí rọ́bà. Ìgbà yẹn ni mo ká mẹ́nù mi, mo tì í sínú báàgì.

Ìbéèrè wọn ò tíì tán o. Àwọn wo ló ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, aago mélòó ni wọ́n máa wọ̀lú? Ta ni kì í jẹ kí ni, ṣé ẹnìkan wà tí ẹ̀pà máa ń bá jà, àgbàlagbà wo ló ní ìtọ̀ ṣúgà? Níbo lomi ti ń wá? Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni "agboolé mélòó lẹ jẹ́?" Mo ní ìwé ìpè 300 la tẹ̀. Ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní "ìwé ìpè kọ́ ló ń jẹun." Wọ́n wá ṣírò ti 450, ti 300 fún abẹ́ kánópì, 150 fún agboolé àti àwọn tó bá ń kọjá lọ tí wọ́n gbọ́ ìlù, ìkòkò tiwọn sì dá dúró, kò ní bá tàwọn àlejò ìwé ìpè pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe ìnáwó nílé rí mọ ohun tí mò ń sọ, ibi tí ọ̀pọ̀ alásè ìlú ńlá ti máa ń dójú tini gan-an nìyí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò, fún ẹni tó fẹ́ mọ̀: àpò ìrẹsì 50 kìlò kan, bí àwo 250 ni wọ́n ń kà á sí tí oúnjẹ míì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Iṣu ńlá kan, èèyàn mẹ́ta, tó bá jẹ́ ọmọ Òkun ló fẹ́ jẹ ẹ́, èèyàn méjì. Mùdù ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀gúsí, màmá ọkọ ń sọ kóńgò lórí fóònù, èmi wà láàárín bí ògbifọ̀.

Wọ́n wá to oúnjẹ sí ọjọ́ méjì. Alẹ́ Fúráídè, tí àwọn ará ọ̀nà jíjìn bá ń wọlé ní ẹyọ ẹyọ, wọn ò ní fún wọn ní nǹkan ńlá, pepper soup ẹja àrọ̀ láti Lọ́kọ́ja ni, àti àkàrà gbígbóná pẹ̀lú ògì. Mo ní ṣé àkàrà ni màá fún ẹni tó ti Kánádà bọ̀? Ìyá ní "kí ló fẹ́ jẹ níbẹ̀ tí ò bá jẹ àkàrà?" Ẹ má wulẹ̀ bi mí bó ṣe parí. Ẹni náà dúró ti agbada àkàrà títí aago 11, ó ń gbà á ní gbígbóná lọ́wọ́ ìyá alákàrà, ó ń fọwọ́ fẹ́ ẹ.

Sátidé lódindi wá ni iyán, ẹ̀gúsí tó ní ẹ̀fọ́ àti ìrú nínú, ẹran ewúrẹ́, ọ̀yà díẹ̀ fún àwọn bàbá, mọ́ínmọ́ín inú ewé, ẹ̀wà fún àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, àti jọ́lọ́ọ̀fù fún àwọn ọmọdé àtàwọn tí ò lè jẹ òkèlè nínú lésì. Dípò small chops, dùndún iṣu tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ pẹ̀lú ata díndín, àti kajú yíyan nínú abọ́ kéékèèké lórí tábìlì, kajú tí wọ́n ń kó jáde ní Kogi lọ sílẹ̀ òkèèrè tó jẹ́ pé àwa gan-an kì í rántí gbé e fún àlejò. Àwọn ará Èkó kó o sápò lọ.

Mo jà fún coleslaw. Ìyá kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní iná ò dájú, òòrùn ọ̀sán, ẹyin àti bota funfun yẹn á ti kan kí wọ́n tó gbàdúrà tán. Inú bí mi díẹ̀ torí owó mi ni. Ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbè wọ́n, ó ní WHO, àjọ ìlera àgbáyé, náà ti sọ ọ́, oúnjẹ tó ti jinná ò gbọ́dọ̀ dúró níta ju wákàtí 2 lọ, èyí tó gbóná kó máa gbóná kọjá 60 Celsius, èyí tó tutù kó wà lábẹ́ 5. Pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tiwa yẹn? Mo yáa gbé ẹnu mi dákẹ́.

Láfún ńkọ́? Ẹ̀gbá ni wọ́n, wọ́n fẹ́ láfún, wọ́n fẹ́ ewédú. Alásè míì á ní "kò sí wàhálà" kó wá lọ ro nǹkan tí ẹnìkan ò mọ orúkọ ẹ̀. Ìyá ní tòótọ́ làwọn ò mọ̀ ọ́n rò bí àwọn oní-nǹkan ṣe máa fẹ́ ẹ, àti pé ọjọ́ ìnáwó kọ́ lèèyàn ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n ní kí àwọn ará ọkọ mú elúbọ́ wọn àti ìyá kan tó mọ̀ ọ́n rò wá, àwọn á fún un ní ààrò àti ọmọ iṣẹ́ méjì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe é, bàbá ọkọ jẹ láfún lẹ́ẹ̀kan, ó jẹ iyán lẹ́ẹ̀méjì, a ń rí i, a ò sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn.

Ní ti iyán yìí gan-an, ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ sọ ọ́. Ohun tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ lóde ni iyán inú láílọ̀nù, tí wọ́n ti gún láàárọ̀, tí wọ́n kó sínú kúlà, tó bá fi máa di aago méjì ó ti le bí òkúta lẹ́yìn, inú ẹ̀ ti ń ṣomi. Tọyẹ́ bá tún dá sí i, tí ò bá ti wà nínú láílọ̀nù, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa fi gba èépá. Ìyá ní àwọn ò ní fi iyán sínú kúlà. Wọ́n gbé odó mẹ́fà síbi tí kò jìnnà sí kánópì, ọkùnrin mẹ́ta mẹ́ta lórí odó kan, iṣu ń jinná ní ìkòkò lẹ́yìn wọn ní ìpele ìpele, tábìlì tó bá jókòó tán ni wọ́n ń gún tiẹ̀ fún. Ìró odó yẹn! Ọ̀kan ń gbé e sókè, èkejì ń jù ú sílẹ̀, ẹ̀kẹta ń bọ̀, wọ́n bá onílù mu láìjẹ́ pé ẹnìkan sọ fún wọn, onílù náà bá kúkú yí ìlù ẹ̀ sí tiwọn. Gbogbo fóònù bá kúrò lára ìyàwó, ó kọjú sí odó. Ìyàwó fúnra ẹ̀ ká ìró aṣọ ẹ̀ sókè, ó lọ gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọkọ gbìyànjú, ọmọ odó fẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ariwo sọ. Wọn ò gba kọ́bọ̀ kún owó fún gbogbo eléyìí o, mo ti rò pé wọ́n á gba owó eré.

Ibi tí mo ti yọ máàkì kúrò: ẹja. Ẹja àrọ̀ Fúráídè pẹ́ dé láti Lọ́kọ́ja, aago méje ló yẹ kó wà lórí tábìlì, ó di mẹ́sàn-án kọjá, àwọn tó kọ́kọ́ dé ti fi àkàrà yó, àwọn tó dé kẹ́yìn ò wá rí ẹja tó nílààrí, orí àti ìrù ló kù. Ó yẹ kí wọ́n ti gbé e wálé láti Tọ́sídè, kí wọ́n fi sínú omi láàyè, wọ́n gbà pé àwọn jẹ̀bi, wọ́n sì yọ owó ẹja díẹ̀ kúrò nínú bálánsì láìjẹ́ pé mo jà.

Èkejì ni bí wọ́n ṣe ń pín oúnjẹ. High table jẹun, àwọn ará Àbújá jẹun, àwọn bàbá wa abẹ́ igi máńgòrò ṣì ń wo ojú ọ̀run. Oúnjẹ wọn wà ńlẹ̀ o, ìkòkò wọn ti jinná tipẹ́, àwọn ọmọ tó ń gbé oúnjẹ ni wọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ ta. Àbúrò bàbá mi dìde fẹ́ máa lọ. Èmi ni mo sáré bẹ̀ wọ́n, mo kúnlẹ̀ nínú eruku pẹ̀lú aṣọ ẹbí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ télọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pè wọ́n, ẹ fi ọmọ ilé kan tó mọ ojú àwọn àgbà síwájú àwọn tó ń gbé oúnjẹ, ẹ má fi ìyẹn sílẹ̀ fún alásè.

Yìnyín kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ẹlòmíì tó ń ta yìnyín ni mo fúnra mi bá ṣàdéhùn, wọ́n gba owó mi pé, aago mẹ́wàá àárọ̀ ló yẹ kí wọ́n dé, aago mẹ́ta ni wọ́n dé, ìdajì ti di omi nínú ọkọ̀. Kóòkì gbígbóná la mu sí iyán gbígbóná. Ẹmu nìkan ló gbà wá, torí ìyá ti sọ fún ẹlẹ́mu láti ìdájí, òtútù ìdájí ọyẹ́ ṣì wà lára ẹ̀.

Ní ti owó, ìdajì ni wọ́n gbà sílẹ̀, wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n máa rà sínú ìwé kékeré kan, wọ́n jẹ́ kí n bá wọn lọ sọ́jà. Mọ́ńdè tí mo lọ san bálánsì, mo bá iṣu 11 àti jálá epo pupa kan lẹ́nu ọ̀nà wọn. Mo rò pé tàwọn ni. Ìyá ní "gbé ẹrù yín, ó ṣẹ́kù."